Ojú Gbàǹgbà: Yíyan Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán kí a tó Náwó ní Àlàbá

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ó dà bí ọ̀ràn afẹ́ lójú ẹni tí kò tíì náwó lé e lórí, ṣùgbọ́n tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, tí ó sì ti sọ owó àjọ odidi ọdún kan di àbámọ̀ nínú ilé púpọ̀. Ọ̀ràn náà ni ríra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ojú gbàǹgbà: irú èwo ni kí a rà, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó, kí sì ni ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà àti òǹkà tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwa tí a ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkòkòmáíkò fetí sí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Àwa ni a múlé ti ọjà Àlàbá, ọjà ẹ̀rọ tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan ń ti òkèèrè wọkọ̀ wá síbẹ̀, wọ́n ń sùn sí ilé àlejò kí wọ́n tó rí ọjà rà. Tiwa kò ju kí a wọ bọ́ọ̀sì ní Ìyànà Ìbà tàbí ní Afromedia lọ. Ṣùgbọ́n pé ilé ẹni súnmọ́ odò kò sọ pé ẹni náà mọ odò wẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń wọ ọjà náà bí àlejò. A kò mọ ohun tí a ń wá, ohun tí ọmọkùnrin tí ó di ọwọ́ wa mú lẹ́nu ọ̀nà bá sì sọ fún wa ni a ó gbà.

Ẹ wo bí owó rẹ̀ ti wúwo tó. Ní ọdún 2024 ni òfin fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí sí ₦70,000. Ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè fi owó oṣù kan, kò sì lè fi ti méjì, ra ẹ̀rọ titun onínṣì 55, bí kò tilẹ̀ jẹun. Nítorí náà, bí ó bá rà á tán tí kò rí ohun tí ó rò, kì í ṣe àwòrán nìkan ni ó sọnù. Owó ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀.

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àti títí di ẹ̀yìn ìgbà tí àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ wa láti Jos ní 1974, yíyan ẹ̀rọ kò ṣòro. Àpótí ni gbogbo wọn. Ìgò ńlá kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó fẹ̀ níwájú, ó tín-ín-rín lẹ́yìn. Láti ìdí ìgò náà ni ìtànṣán ti ń jáde tí ó ń fi ìlà tẹ̀lé ìlà ya àwòrán sí ojú gíláàsì. Ìlà 625 ni ètò tí ilẹ̀ wa ń lò, ìbáà jẹ́ ti ilẹ̀ Japan ni ẹ rà tàbí ti Jámánì. Ohun tí bàbá ń yẹ̀ wò nígbà náà ni ẹwà igi àpótí, bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, àti bóyá ẹni tí yóò tún un ṣe wà ní àdúgbò. Lóde òní àpótí ti di pátákó pẹlẹbẹ, orúkọ rẹ̀ sì ti pọ̀ bí oríkì ọba.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tí a ń ṣì lò jù lọ. Ní àdúgbò wa, gbogbo ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni a ń pè ní plasma. Plasma gan-an jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi gáàsì sínú àwọn ihò wínníwínní láàárín gíláàsì méjì. Bí iná bá gba inú gáàsì náà kọjá, ihò kọ̀ọ̀kan a tàn. Ní Yunifásítì Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1964. Àwòrán rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn; ṣùgbọ́n ó ń mu iná, ó ń gbóná, ó sì wúwo. Panasonic dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní òpin ọdún 2013, Samsung àti LG sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2014. Nítorí náà, plasma yòówù tí ẹ bá rí ní Àlàbá lónìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bí ẹni tí ń tà á bá pè é ní titun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Èyí tí ó kún ọjà ni LCD. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ojú inú wo fèrèsé onílúfà. Iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í kú. Lúfà ni ó ń ṣí, òun náà ni ó ń padé. Bí lúfà bá ṣí pátápátá, ìmọ́lẹ̀ a wọlé. Bí ó bá ṣí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a rọra yọ. Bí ó bá padé, òkùnkùn a dé. Ọ̀kẹ́ àìmọye irú lúfà bẹ́ẹ̀ ni ó wà lójú LCD, ojú lásán kò lè kà wọ́n, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró bo ojú wọn. George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ni wọ́n fi irú ojú yìí han aráyé ní 1968. Àléébù rẹ̀ ni pé lúfà náà kì í padé tán. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ a máa yọ́ jò. Ìdí nìyí tí òru inú fíìmù fi ń rí bí eérú lójú LCD olówó pọ́ọ́kú, tí ẹ kò fi ní mọ ẹni tí ó yọ́ wọ ilé nínú eré.

LED ńkọ́? Ibí yìí ni wọ́n ti ń fi orúkọ gbówó lọ́wọ́ ènìyàn jù. LED tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe irú ojú mìíràn, LCD náà ni. Iná ẹ̀yìn lúfà ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti inú ọ́fíìsì ni, tí mákúrì wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi gílóòbù tíntìntín tí kì í mu iná púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà fẹ́lẹ́ sí i, owó iná sì dínkù. Bí wọ́n bá tún kọ QLED, ó túmọ̀ sí pé wọ́n fi awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ó kún fún èérún tíntìntín sí iwájú iná náà kí àwọ̀ lè túbọ̀ jí. Ìmọ̀ nípa irú èérún bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2023, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, fèrèsé onílúfà náà ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mini-LED gbìyànjú ju ìyẹn lọ: wọ́n pín iná ẹ̀yìn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka, kí apá ibi tí òkùnkùn wà nínú àwòrán lè kú nígbà tí apá kejì ń tàn. Bí owó bá wà, èmi gbà pé owó tí a fi kún un nítorí èyí kò ṣòfò.

OLED ni ó yàtọ̀ ní tòótọ́, bí lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti àwọn tí mo ti dárúkọ. Kò ní fèrèsé, kò ní lúfà. Àmì kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ ni fìtílà ara rẹ̀. Ching Tang àti Steven Van Slyke, òṣìṣẹ́ Kodak, ni wọ́n kọ̀wé jáde lórí ìmọ̀ náà ní 1987. Ọdún 2013 ni LG bẹ̀rẹ̀ sí ta onínṣì 55 rẹ̀. Bí fìtílà rẹ̀ bá kú, òkùnkùn biribiri ni. Bí ó bá sì tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkùnkùn náà, ojú yóò gbà pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó rí yóò mọ̀ pé èmi kò sọ àsọdùn. Owó rẹ̀ ni ó ga. Ohun kejì tí ó wà nídìí rẹ̀ kan àwọn tí ń ṣòwò ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Àmì ilé iṣẹ́ kan wà ní igun ojú ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Pátákó góòlù wà lókè láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dé ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún. Àwọn fìtílà tí ń tàn sí ojú kan náà lójoojúmọ́ ni ó ń tètè gbó, òjìji àmì náà yóò sì kù lójú ẹ̀rọ, tí yóò máa hàn nínú ohun gbogbo tí ẹ bá ń wò. Plasma náà ní irú àìsàn yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ilé ìwòran ní Òkòkòmáíkò, tí ó fẹ́ ra OLED kí àwọn oníbàárà lè pọ̀ sí i, LCD tí ó tóbi tí iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ dáadáa ni n ó yàn fún un.

Nínú LCD pàápàá, ìdílé méjì ni ó wà, àwọn ọlọ́jà kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní VA, wọ́n ń pe èkejì ní IPS. VA ní òkùnkùn tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú gan-an ni kí a ti máa wò ó. Bí ẹ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ a ṣá. IPS kò ní òkùnkùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí ohun tí ẹni iwájú rí. Ẹ wá wo pálọ̀ tiwa. Bàbá wà lórí àga tí ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọmọ wà lórí ẹní nísàlẹ̀, aládùúgbò tí ó wá gbọ́ ìròyìn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ní pẹ́. Bí ó bá jẹ́ VA ni a rà, bàbá nìkan ni ó ń rí ohun tí gbogbo ilé sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò rẹ̀ rọrùn, kò gba ìmọ̀ kankan. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà fún yín nínú ìsọ̀, ẹ má ṣe dúró sí iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ rìn lọ sí ti òsì, kí ẹ sì lóṣòó kí ẹ lè wò ó láti ibi tí ọmọ tí ó jókòó sórí ẹní ti ń wò ó. Wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó kù sí orí òǹkà. Àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tí àwòrán fi ń dúró ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní píksẹ́lì. Ojú tí wọ́n ń pè ní 720 ní àmì 1,280 ní ìbú àti 720 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 921,600. Full HD ní 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró, èyí tí í ṣe 2,073,600. 4K ní 3,840 sí 2,160, àpapọ̀ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD. 8K tún jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 4K, ó lé ní mílíọ̀nù 33. Bí ẹnì kan bá gbọ́ òǹkà wọ̀nyí láìgbọ́ nǹkan mìíràn, yóò rò pé èyí tí ó pọ̀ jù ni ó dára jù. Àwọn tí ń tẹ páálí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n igbá ńlá kì í sọ omi díẹ̀ di púpọ̀. Kí ni a ó rọ sínú ojú 4K náà? Ẹ rántí àwọn fíìmù àgbéléwò tí a ń rà lórí VCD, tí Àlàbá yìí kan náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí wọ́n ti ń kó wọn jáde káàkiri. Àwòrán orí VCD kò ju àmì 352 ní ìbú àti 288 ní òró lọ, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 101,376. Bí ẹ bá gbé e sí ojú 4K, ẹ̀rọ náà ní láti fi àmì kan ṣe iṣẹ́ bíi 82. Níbo ni yóò ti rí i? Yóò méfò ni. Àwọn ẹ̀rọ titun mọ èfò mé ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ojú òṣèré náà yóò dà bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Ẹni tí ó bá ní àkójọ VCD púpọ̀ ní ilé, tí ó sì fẹ́ràn wọn, yóò gbádùn wọn lójú onínṣì 32 ju ojú onínṣì 65 lọ.

Ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwa ńkọ́? Ìlú Jos ni ìjọba ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìyípadà sí dígítà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ó dé Èkó. Pẹ̀lú ìyẹn náà, àti pẹ̀lú àwọn abọ́ sátẹ́láìtì tí ó wà lórí òrùlé wa, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìkànnì tí a ń wò ni kò kọjá HD, òmíràn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni 4K pọ̀ sí. Netflix sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ wo 4K gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára tó mẹ́gábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé wákàtí kan lè jẹ gígábáìtì 7. Full HD kò gbà ju mẹ́gábíìtì 5 lọ. Ẹ fi fíìmù wákàtí méjì ṣírò rẹ̀, gígábáìtì 14 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra détà lórí fóònù ni ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní náírà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé jù ni ọ̀rọ̀ ibi tí a ń jókòó sí. Ojú ènìyàn tí ó mọ́ dáadáa kò lè ya àmì méjì sọ́tọ̀ mọ́ bí igun tí ó wà láàárín wọn bá ti kéré ju ìdá kan nínú 60 ti dígíríì kan. Láti inú èyí ni a ti lè ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ onínṣì 43 bá jẹ́ Full HD, bí ẹ bá ti jókòó ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀ sí i lọ, ojú yín kò lè rí àmì kọ̀ọ̀kan mọ́. Bí ẹ bá fi 4K rọ́pò rẹ̀ ní ibẹ̀, àfikún àmì mílíọ̀nù mẹ́fà náà kò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Fún onínṣì 55, ẹsẹ̀ bàtà méje ni. Fún onínṣì 65, mẹ́jọ ààbọ̀. Pálọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, bóyá ní Ìbà Estate tàbí nínú ilé ojú-kojú ní Òkòkòmáíkò, kò sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 lọ. Ẹ yọ ìjìnlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, ẹ yọ ti àga kúrò, orí ẹni tí ó jókòó yóò wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí ẹ̀rọ. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, Full HD tó fún onínṣì 43, ó tó fún 55. Onínṣì 65 ni 4K ti lè fi ìyàtọ̀ díẹ̀ hàn. Mo gbà pé onínṣì 55 titun tí kì í ṣe 4K ti ń ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bí ẹ bá ra 55, 4K ni ẹ ó bá níbẹ̀, kò burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí òǹkà náà mú yín fi owó kún owó. Ẹ fi owó náà ra òkùnkùn tí ó jinlẹ̀, ẹ fi ra àwọ̀ tí kì í ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ti 8K, ẹni tí yàrá rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 tí ó sì rà á ti ra ohun tí ojú tí Ọlọ́run fún un kò lè rí.

Ẹ má gbàgbé pé láti igun òkè apá kan dé igun ìsàlẹ̀ apá kejì ni wọ́n ń wọn ínǹṣì ojú ẹ̀rọ. Onínṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122, ó sì ga tó 68. Nítorí bẹ́ẹ̀, òǹkà náà a máa tan ènìyàn jẹ: láti 43 dé 65 kò dà bí ẹni pé ó jìnnà, ṣùgbọ́n ojú 65 fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì ojú 43 lọ. Ẹ mú téèpù télọ̀ lọ sí ọjà. Ẹ ti wọn ògiri ilé kí ẹ tó jáde.

N kò sọ pé olè ni ará Àlàbá. Àwọn ọlọ́jà tí orúkọ wọn ti dúró fún ogún ọdún wà níbẹ̀, wọn kò sì ní fi ẹ̀rọ kan ba orúkọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bá yín ní àṣepọ̀. Ohun tí wọ́n ń lò jù ni gbólóhùn tí ó jọ òtítọ́. Ẹ ó rí i lára páálí pé ẹ̀rọ náà gba 4K. Ó gbà á lóòótọ́: bí ẹ bá fi fíìmù 4K sí i, yóò ṣí i, yóò fún un pọ̀, yóò sì fi í hàn lójú tí kò ní ju àmì 1,366 sí 768 lọ. Gbígbà kọ́ ni à ń bi í, iye àmì tí ó wà lójú rẹ̀ ni. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà, ẹ ka nọ́ńbà irú rẹ̀, ẹ wá a lórí fóònù yín níbẹ̀ kí ẹ tó kàwó. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò bá mọ nọ́ńbà náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bákan náà ni fíìmù òdòdó àti ẹja aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń fi hàn nínú ìsọ̀. Wọ́n ṣe é kí ẹ̀rọ tí kò dára lè dára lójú ni, wọ́n sì ti tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹ ní kí wọ́n fi ìròyìn hàn, tàbí bọ́ọ̀lù, tàbí eré Yorùbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru. Ẹ mú fláṣì tiyín dání.

Àwọn àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún, àti pé ó kéré tán, 19 nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣiṣẹ́. Àwọn LCD àtijọ́ tí ọ̀pá iná wà lẹ́yìn wọn pọ̀ nínú rẹ̀, mákúrì sì wà nínú ọ̀pá náà. N kò lòdì sí ẹni tí agbára rẹ̀ mọ sí àlòkù. Kí ó ṣáà tan án fún odidi wákàtí kan nínú ìsọ̀, kí ó fi àwòrán funfun bo ojú rẹ̀ láti wá ibi tí ó ti dúdú, kí ó sì fi dúdú bò ó láti wá ibi tí iná ti ń yọ. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí ó fi ìdí àjọ FCCPC múlẹ̀, ní kí ẹni tí ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ ní gbangba fún ẹni tí ń rà. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì: nọ́ńbà ẹ̀rọ, titun tàbí àlòkù, iye àmì ojú rẹ̀, àti ọjọ́ tí wáráńtì yóò parí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ ti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín.

Ní ti iná, ẹ ka wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí onínṣì 55 kan bá ń mu wáàtì 120, tí ẹ ń wò ó fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yúníìtì 18 ni yóò jẹ lóṣù. Plasma àtijọ́ tí ń mu 300 yóò jẹ 45 fún àkókò kan náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ wo bọ́ọ̀lù kò nílò kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún òun. Ẹ ra sitébiláísà pẹ̀lú, nítorí iná àdúgbò wa a máa ga lójijì nígbà tí ó bá dé.

Bí ẹ bá ń gbé e relé, ìdúró ni kí ó wà, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé àpò ìrẹsì lé e nínú bọ́ọ̀sì. Ojú LCD ńlá tí ó bá sán, owó títún un ṣe sábà máa ń súnmọ́ owó òmíràn. Ẹ san owó korópé kan fún òun nìkan bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ẹnì kan nínú àwọn tí ó bá wa wá ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà nípa bí a ṣe lè fi onínṣì 65 kọ́ ara ògiri búlọ́ọ̀kù tí òjò ń rin. Bí ẹ bá gbà mí láyè, ìbéèrè tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn.